Wọ́n Ní “Báwo Lẹ Ṣe Rí Fọ́tò Mi?”: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Sọ, àti Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Sọ Ọ́

Ìbéèrè kan náà ló ń wá sọ́dọ̀ mi ṣáá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi fóònù àti kámẹ́rà kéékèèké ya fọ́tò ní Ẹ̀pẹ́: “Bí ẹnì kan bá gbé fọ́tò rẹ̀ wá, tó ní kí n wò ó, kí ni kí n sọ tí kò ní bà á nínú jẹ́, tí kò sì ní jẹ́ irọ́?” Ó yẹ kí èèyàn béèrè. “Ó dáa gan-an” á mú inú ẹni náà dùn dalẹ́, àmọ́ tílẹ̀ bá mọ́, bó ṣe gbé fóònù lánàá náà ló máa tún gbé e. “Kò dáa” tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ àwọn tó gbé kámẹ́rà jù sílẹ̀ nítorí gbólóhùn kékeré yẹn, tí wọn ò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tójú yín rí nínú fọ́tò náà, kẹ́ ẹ wá fún ẹni náà ní nǹkan kan ṣoṣo tó lè ṣe nígbà tó bá tún fẹ́ ya òmíràn. Ẹni tó bá gba nǹkan kan á lọ ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá di mẹ́wàá rù, kò ní ṣe ìkankan.

## Kẹ́ ẹ tó lanu

Ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò ná:

- Ṣé ó bi yín lóòótọ́? Ẹni tó ń fi fọ́tò ìkómọ hàn yín fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun yọ̀ ni. Ẹ kí i kú ewu ọmọ, kẹ́ ẹ ṣàdúrà. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ò sí níbẹ̀.
- Kí ló fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe? Ohun tá a máa wò nínú fọ́tò tí ẹlẹ́ja fẹ́ fi polówó ọjà yàtọ̀ sí ohun tá a máa wò nínú èyí tí èèyàn fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀.
- Ṣé iná ojú fóònù tó? Bẹ́ ẹ bá ń wo fọ́tò nínú oòrùn, tàbí tí fóònù ti dín iná ojú rẹ̀ kù torí pé bátìrì ti fẹ́ tán, kò sí fọ́tò tí kò ní ṣókùnkùn lójú yín. Ẹ bọ́ sábẹ́ ibòji, kẹ́ ẹ fi iná kún un.
- Ṣé wọn ò tan ètò tó ń dáàbò bo ojú lálẹ́? Ó máa ń sọ funfun di yẹ́lò. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó sọ pé àwọ̀ fọ́tò náà ò dáa.

## Ìgbésẹ̀ méje

1. Ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ kíyè sí ibi tójú yín kọ́kọ́ balẹ̀ sí, ibẹ̀ ni fọ́tò náà ń pe àwọn èèyàn sí, bóyá ayàwòrán fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tí wọ́n gé dànù àti ọ̀rá omi tí ẹnikẹ́ni ò rí nígbà tí wọ́n ń ya á máa ń sá pamọ́ sí.

2. Ẹ béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni: “Kí lo rí tó o fi gbé fóònù sókè?” Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ apẹja tó ń fa àwọ̀n ló fà á mọ́ra, ẹ̀yin sì ti fẹ́ máa bá a sọ̀rọ̀ nípa ìkùukùu. Bẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tó ń wá, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ó rí i.

3. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí láìdá ẹjọ́. “Ojú mi kọ́kọ́ lọ sí ike pupa apá òsì yẹn, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó rí màmá.” Kò sí èébú nínú ìyẹn, kò sì sí ìyìn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa rí i pé ike ti gba iwájú mọ́ màmá lọ́wọ́.

4. Ẹ sọ èyí tó ṣe dáadáa, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. “Bó o ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tójú ọmọ yẹn dé ló jẹ́ ká rí ojú ẹ̀ dáadáa.” Ìdí yẹn ni ẹ ò gbọ́dọ̀ fò. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, á máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

5. Ẹ mú ẹyọ kan. Bí àléébù bá pọ̀, ẹ mú èyí tí kò ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, ibi tí ayàwòrán dúró sí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń yà, fọ́tò tó ṣe bàìbàì. Èyí tí fóònù lè tún ṣe, bíi gígé etí tàbí títò ó kó dúró gbọọrọ, lè dúró dọjọ́ míì.

6. Ẹ sọ ọ́ di ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè ṣe. “Ìmọ́lẹ̀ ò dáa” ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. “Yí lọ sápá òsì ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí oòrùn lè wá láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀” ni èèyàn lè lọ gbìyànjú láàárọ̀ ọ̀la.

7. Ẹ jẹ́ kó fèsì. Ó lè ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ ọ. Bí kò bá tíì hàn sí yín, ẹ sọ pé: “Mo gbọ́ ohun tó o fẹ́ ṣe, àmọ́ mi ò tíì rí i nínú fọ́tò yìí.” Kẹ́ ẹ wá dúró níbẹ̀.

## Àpẹẹrẹ: fọ́tò kan láti ọjà Olúwo

Ká mú irú fọ́tò tó wọ́pọ̀ jù níbí. Ọ̀dọ́kùnrin kan ya màmá ẹlẹ́ja kan ní Olúwo. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja àrọ̀ kan sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Tàpólì búlúù ni wọ́n ta sórí ìsọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá ti kun gbogbo ojú màmá ní búlúù. Lẹ́yìn rẹ̀, ìta tí oòrùn wà ti funfun báláú. Fíláàṣì ti kọ mànà lára ẹja torí pé ó tutù. Ìdajì ike pupa kan yọ ní igun ìsàlẹ̀, ìrù ẹja sì ti lọ pẹ̀lú etí fọ́tò.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sọ máa ní: “Ojú ẹ̀ ti búlúù jù, ẹ̀yìn ẹ̀ ti jóná, o gé ìrù ẹja, kí ni ike yẹn ń wá níbẹ̀?” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọ náà ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Bí mo ṣe máa sọ ọ́ rèé:

“Ẹ̀rín màmá yìí ni mo kọ́kọ́ rí. Ó hàn pé o ò kánjú, o jẹ́ kára wọn balẹ̀ kó o tó tẹ̀ ẹ́. Kí lo fẹ́ ká rí jù níbẹ̀?”

Bó bá ní bí ẹja náà ṣe tóbi tó ni: “Tó bá jẹ́ títóbi ẹja ni, mi ò rí ìrù ẹ̀, mi ò mọ ibi tó parí sí. Lọ́jọ́ míì, fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan kó o tó tẹ̀ ẹ́.” Ó parí. Mi ò ní fẹnu kan búlúù lọ́jọ́ yẹn.

Bó bá ní ẹ̀rín màmá gan-an ni, nígbà náà ọ̀rọ̀ kàn tàpólì: “Bẹ màmá kí wọ́n sún síwájú díẹ̀ dé etí ìsọ̀, níbi tí tàpólì parí sí, kí wọ́n kọjú síta. Ìwọ dúró síta, kó o sì pa fíláàṣì.” Níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà á bọ́ sójú màmá láìsí pé oòrùn ń fín wọn lójú, búlúù yẹn á dín kù, inú ìsọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn á sì ṣókùnkùn díẹ̀, ojú màmá á wá yọ. Fọ́tò kan náà, ìmọ̀ràn méjì tó yàtọ̀ síra. Ìdí tí ìgbésẹ̀ kejì fi ṣe pàtàkì lójú mi nìyẹn.

Nǹkan kan kù tẹ́ ẹ máa bi í, àmọ́ kó jẹ́ láàárín ẹ̀yin méjèèjì: “Ṣé màmá mọ̀ pé ò ń ya àwọn?” Àwọn tó ń tajà ní Olúwo wà lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ẹ sọ fún un pé kó máa kí wọn, kó tọrọ àyè, kó sì fi fọ́tò náà hàn wọ́n lẹ́yìn tó bá ya á tán. Bó bá sì jẹ́ ọdún ìbílẹ̀ ló ti ya á, ẹ bi í bóyá àwọn àgbà gbà kí wọ́n ya apá yẹn. Fọ́tò tó dáa jù láyé ò tó ohun tí èèyàn fi ń rú òfin ìlú.

## Ìmọ́lẹ̀ lára àwọ̀ wa

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà jù, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn ti ń já sí ìbànújẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kámẹ́rà kì í ka ojú èèyàn sí ju nǹkan míì lọ. Ṣe ló ń wọn ìmọ́lẹ̀ gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, tó sì ń fà á sáàárín funfun àti dúdú. Bí ẹni tó dúdú bá dúró níwájú ògiri funfun tàbí ojú sánmà tó mọ́lẹ̀ lórí ọ̀sà, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni náà á sì ṣókùnkùn. Bó bá tún jẹ́ pé ojú dúdú àti aṣọ dúdú ló kún inú fọ́tò, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ara á wá dà bí èyí tí kò rí ìpara.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé “ó ti dúdú jù” láéláé. Ẹni tó wà nínú fọ́tò lè dúró tì yín. Kò sí àléébù lára àwọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ pé: “Ìmọ́lẹ̀ ò tó lójú wọn.” Ẹ wá sọ ohun tó máa ṣe:

- Kó fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù, kó fa àmì oòrùn tó bá yọ sókè díẹ̀. Lórí kámẹ́rà, kó fi àmì +/- gbé e sí +1, kó tún wò ó.
- Kó yí ẹni náà padà. Ojú sánmà tó wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, kó bọ́ síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́.
- Kó yan aago. Oòrùn ilẹ̀ wa máa ń yọ ní nǹkan bí 6:30 sí 7:00 àárọ̀. Wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn ìyẹn dáa púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni láti nǹkan bí 4:30 ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án gangan, orí ni oòrùn ń ràn sí, ihò ojú á wá ṣókùnkùn. Bó bá di dandan kó yà lọ́sàn-án, abẹ́ igi tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ni kó gbé ẹni náà lọ.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti Ẹ̀pẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ máa sọ fún àwọn tó ń ya fọ́tò létí ọ̀sà. Gúúsù ìlú ni omi wà. Ẹni tó bá kọjú sí omi, apá òsì rẹ̀ ni oòrùn ti ń wá láàárọ̀, apá ọ̀tún ni ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ kan náà, apẹja kan náà, ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ á ti tàn sí i lára á yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá mú fọ́tò apẹja tójú rẹ̀ ò hàn wá, “padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ kó o dúró síbi tó o dúró sí náà” lè jẹ́ gbogbo ìmọ̀ràn tó nílò.

Aṣọ funfun tún ní wàhálà tiẹ̀. Lásìkò ọdún Káyókáyó tá a máa ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́, tí léèsì àti agbádá funfun bá jáde, iṣẹ́ ọnà ara léèsì máa ń pòórá sínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ sọ pé: “Mi ò rí ihò ara léèsì yìí mọ́.” Bó bá dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí aṣọ, ojú á tún ṣókùnkùn. Ibòji ló ń tán ìyẹn: kó gbé wọn kúrò nínú oòrùn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín aṣọ àti ojú á dín kù, kámẹ́rà á sì lè gba méjèèjì.

## Àwọn míì tẹ́ ẹ máa bá pàdé

- Ọ̀sà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ó jọ pé omi ń ṣàn lọ sápá ọ̀tún.” Kó lọ sí sẹ́tíǹgì kámẹ́rà, kó tan àwọn ìlà tó ń pín ojú fóònù sí mẹ́sàn-án, kó fi ọ̀kan wọn gbé etí omi.
- Bàìbàì. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó fà á. Bí gbogbo fọ́tò bá ṣe bàìbàì, ọwọ́ ló gbọ̀n: kó fi ọwọ́ méjèèjì mú fóònù, kó fara ti ògiri. Bó bá jẹ́ èèyàn nìkan, ẹni náà ló mira: bí kámẹ́rà bá lajú fún ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá (1/30), kò lè mú ẹni tó ń rìn dúró, kó gbé ìyára rẹ̀ sí 1/250 tàbí èyí tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló mọ́ tí èèyàn ò mọ́, ibi tí fóònù ń wò ló ṣìnà, kó tẹ ojú ẹni náà.
- Ìmọ́lẹ̀ tó bò ó bí èéfín. Ẹ ní kó nu lẹ́ǹsì. Fóònù tó ti bọ́ sọ́wọ́ tó lépo kì í ya fọ́tò tó mọ́.
- Súùmù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ó kàn ń fẹ ohun tó ti rí tẹ́lẹ̀ lójú ni. Kó fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ọn.
- Òpó iná tó hù jáde lórí èèyàn. Ìdajì ìṣísẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tó.
- Gèlè tí etí rẹ̀ ti yọ́. Ètò fóònù tó ń sọ ẹ̀yìn di bàìbàì kì í mọ ibi tí gèlè parí sí. Kó pa á, kó jẹ́ kí ẹni náà jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ dípò rẹ̀.

## Bó bá jù yín lọ, bẹ́ ẹ bá jù ú lọ

Kò rọrùn fún ọmọ ogún ọdún láti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé fọ́tò rẹ̀ ní àléébù. Ẹ fi ṣe ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí òpó yẹn wà lẹ́yìn wọn ni?” Ìbọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ fọtogíráfà tó ń fi í jẹun ni, ẹ má ṣe sọ ọ́ níwájú ẹni tó gbéṣẹ́ fún un. Wọ́n lè torí ẹ̀ dín owó rẹ̀ kù.

Bó bá kéré sí yín, ewu rẹ̀ yàtọ̀. Ó máa sọ pé “ẹ ṣé, mà” tàbí “ẹ ṣé, sà” sí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ, yálà ó yé e tàbí kò yé e. Ẹ ní kó sọ ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ míì padà fún yín lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹ sì rántí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra.

## Àṣìṣe tí àwa tá à ń sọ̀rọ̀ máa ń ṣe

- Ká gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ sí í tún fọ́tò náà ṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan hàn án, ẹ tọrọ àyè, kó sì jẹ́ lórí ẹ̀dà.
- “Fóònù rẹ ni ò dáa.” Ó lè ṣe díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun tó lè fi ìyẹn ṣe lónìí.
- Ká fi í wé ẹlòmíì tó wà níjòókòó.
- Ká máa sọ̀rọ̀ ara ẹni tó wà nínú fọ́tò: ó sanra, ó ti gbó. Ìyẹn ò kan fọ́tò.
- Ká fẹ́ kó máa ya fọ́tò bíi tiwa. “Tó bá jẹ́ èmi ni” kì í sábà bí ohun tó dáa.
- Ká sọ ìlànà di òfin. Wọ́n á ní ojú gbọ́dọ̀ hàn. 'Okhai Ojeikere (1930–2014), ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán tí Nàìjíríà ní tó lókìkí jù, bẹ̀rẹ̀ ní 1968 sí í ya irun dídì àwọn obìnrin wa, ẹ̀yìn orí ló sì ti ya púpọ̀ nínú wọn. Ojú ò sí níbẹ̀, irun ló ń wá, ó sì rí i. Ẹ fi ohun tí ẹni náà ń wá wọn fọ́tò rẹ̀.

## Bẹ́ ẹ ò bá rí ohun tẹ́ ẹ lè yìn

Ẹ má purọ́. Ẹ sọ pé: “Jẹ́ kí n rí àwọn yòókù tó o yà níbẹ̀.” Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí tó dáa jù ń bẹ nínú fóònù, tí òun ò mọ̀. Ẹ to méjì síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó sọ èyí tó fẹ́ràn àti ìdí rẹ̀. Mímọ bí a ṣe ń yan fọ́tò wà lára iṣẹ́ náà, àwọn èèyàn kì í sì í kọ́ ọ.

## Bẹ́ ẹ ò bá jọ wà lójú kan náà

WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ, nítorí náà ẹ má ṣe dá ẹjọ́ bàìbàì lórí èyí tó bá gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá. Láti 2023 ni wọ́n ti fi àmì HD síbẹ̀, ó sàn díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ojúlówó rẹ̀, ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bíi document.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fèsì:

1. Ẹ fi ránṣẹ́ sí òun nìkan.
2. Ẹ fi ohùn sọ ohun tẹ́ ẹ rí àti ohun tó ṣe dáadáa. Ohùn máa ń gbé inú rere dé ibi tí ọ̀rọ̀ kíkọ ò dé.
3. Ẹ kọ nǹkan kan ṣoṣo tó máa ṣe náà sílẹ̀, kó lè rí i wò nígbà tó bá tún jáde.
4. Bó bá jẹ́ ibì kan nínú fọ́tò lẹ̀ ń sọ, ẹ fi ìka fa òbírí yí i ká lórí ẹ̀dà kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ padà.

Ìkìlọ̀ kan lórí document yẹn: fọ́tò tó bá gba ibẹ̀ kọjá máa ń gbé ibi tí wọ́n ti ya á dání, bó bá jẹ́ pé location wà ní títàn lórí fóònù. Bó bá jẹ́ ilé èèyàn ni, tàbí ilé ìwé àwọn ọmọ, ẹ má ṣe fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíì bó ṣe wà yẹn.